Ilé Kékeré Àtijọ́ ní Lokongoma: Àyẹ̀wò Ilé Kan tí Mo Rà ní Lọ́kọ́ja

Ilé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín jẹ́ ilé oníyàrá méjì àti pálọ̀ kan ní Lokongoma, nínú ìlú Lọ́kọ́ja. Ògiri rẹ̀ kan so mọ́ ilé aládùúgbò, òrùlé kan náà ni ó sì bo ilé méjèèjì. Ilé àtijọ́ tí ìjọba kọ́ ni, kò sì tóbi. Ẹni tí ó bá ní ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ti ń bàlágà kò lè fi ìrọ̀rùn gbé inú rẹ̀. Mo rà á lọ́wọ́ bàbá kan, ọmọ Ẹ̀bìrà, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ó sì fẹ́ padà sí Òkènè lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀. Mo ti gbé inú ilé náà la ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò kọjá, ìdájọ́ mi sì ni pé ohun tí mo gbà tó owó tí mo san, pàápàá fún òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, tí kò lè dá ilé kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ohun tí ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ilé àtijọ́ ti ṣe ìdánwò rẹ̀ lójú gbogbo ayé kí olùrà tó dé. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó yẹ kí òun wò yóò rí èsì ìdánwò náà kedere lára ògiri, lára ìwé, àti lẹ́nu àwọn aládùúgbò.

Àwa ọmọ Ọ̀kun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ní àṣà kan tí a kì í fi ṣeré: ilé àkọ́kọ́ tí ènìyàn yóò kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìlú rẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ọdún púpọ̀ háyà ilé gbé ní Lọ́kọ́ja, nígbà tí ilé tí a kọ́ sí Kábbà, Ìyára, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú wà ní títì, tí a kì í ṣí i àyàfi ìgbà Kérésìmesì, ọdún Àjíǹde tàbí ìgbà tí òkú bá sùn. Fún àwọn ará wa ní Ọ̀wọ́rọ̀, Lọ́kọ́ja kò jìnnà sí ilé rárá. Àwa Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Bùnú ni a máa ń ka ara wa sí àlejò níbẹ̀. N kò lòdì sí kíkọ́ ilé sí ìlú ẹni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ènìyàn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ilé ìwòsàn tí ó ń lọ bá wà ní Lọ́kọ́ja, owó ilé tí ó ń san lọ́dọọdún ti ń ra ilé fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí.

Kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ nípa ilé kankan ní ìlú yìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa omi. Lọ́kọ́ja wà níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, Òkè Patti sì wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ó mú kí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó jìnnà sí odò ṣọ̀wọ́n. Ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ ni ó máa ń pọ̀ lọ́jà, òun náà ni ó sì máa ń dín lówó. Ní ọdún 2012, omi bo ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ó wà létí odò, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022, débi pé ọ̀nà tí ó lọ sí Àbújá dí ní agbègbè Koton Karfe, tí àwọn ọkọ̀ àti èrò há sójú ọ̀nà. Olùrà tí ó bá ti ìlú òkè wá, bíi tiwa, lè má tètè mọ̀ pé omi yìí kì í bá òjò rìn pọ̀. Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ àti Ọ̀wàrà ni ó máa ń dé ojú rẹ̀, nítorí pé láti òkè odò ni ó ti ń ṣàn bọ̀: dáàmù Lagdo ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù wà lórí Bẹ́núè, dáàmù Kainji àti ti Jẹ́bà sì wà lórí Ọya. Òjò lè má rọ̀ ní Lọ́kọ́ja fún ọ̀sẹ̀ kan, kí omi sì máa gòkè lójoojúmọ́. Ẹni tí alágbàtà bá mú lọ wo ilé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, kò rí ilé náà tán.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn mí wà ní Ganaja. Ó tóbi ju èyí tí mo rà lọ, owó rẹ̀ sì kéré gan-an. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀dà ìsàlẹ̀ dán ju ti òkè lọ, àyíká fèrèsé ni àwọ̀ méjèèjì sì ti pàdé. N kò bi alágbàtà ní nǹkan kan. Mo sọdá títì lọ bá ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Tápà, tí ń yan ẹja, mo kí i, mo sì sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni omi dé lára ilé yẹn nígbà yẹn?” Wọn kò sọ ohun púpọ̀. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí orí fèrèsé, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó ẹrù jáde nínú ilé náà. Ẹni tí ó bá ń wá ilé ní Ganaja, Adankolo, Kabawa tàbí ibikíbi tí ó súnmọ́ odò gbọ́dọ̀ rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ kí ó tó rí agbẹjọ́rò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí nítorí pé ibẹ̀ ni agbára wọn mọ, kì í sì í ṣe gbogbo òpópónà ibẹ̀ ni omi ń dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí olùrà mọ òpópónà tí òun ń rà.

Lokongoma ga ju ibẹ̀ lọ. Ní ilé tí mo rà, kò sí àmì omi lára ògiri, inú ṣọ́káwèè kò ní ẹrẹ̀ odò, àwọn tí ó ti ń gbé ní òpópónà náà tipẹ́ sì fi dá mi lójú pé àwọn ni wọ́n gba ẹbí tí ó sá fún omi sílé ní 2012 àti 2022. Ẹ̀rí yìí ni ilé tuntun kò lè mú wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gíga náà ní omi tirẹ̀. Àgbàrá tí ń ti ìhà òkè ṣàn bọ̀ ti jẹ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé náà débi pé etí ìpìlẹ̀ ti yọ síta, èyí sì jẹ́ àbùkù ńlá tí mo rí lára rẹ̀ kí n tó dá owó. Nítorí rẹ̀ ni bàbá náà fi gbà láti yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tí ó kọ́kọ́ pè.

Nípa ilé fúnra rẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n, iṣẹ́ náà sì dára. Mo mú bíríkìlà kan tí mo fọkàn tán lọ, ó fi òòlù kékeré kan gbogbo ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì ṣàlàyé fún mi pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lójú símẹ́ǹtì kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n pé ìlà tí ó bá dágẹrẹ láti igun fèrèsé lọ sí ìsàlẹ̀, tí ó sì fẹ̀ débi tí owó ẹyọ lè wọ inú rẹ̀, ń sọ pé ìpìlẹ̀ ti rì ní apá kan. A rí ti àkọ́kọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, a kò rí ti èkejì rárá, àní ní ẹ̀yìn níbi tí àgbàrá ti jẹ ilẹ̀ pàápàá.

Ọ̀rọ̀ àjà ilé náà ni mo rọ olùkà kí ó fi ara balẹ̀ kà. Asbestos, fọ́nrán òkúta tí wọ́n ń pò mọ́ símẹ́ǹtì, ni wọ́n fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ìjọba kọ́ láyé àtijọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ kedere pé gbogbo oríṣi asbestos ni ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, eruku rẹ̀ tí ènìyàn bá fà símú sì ni ewu náà. Káfíńtà tí mo kọ́kọ́ pè fẹ́ fi ayùn gé e, kí ó sì fọ́ ìyókù wálẹ̀, mo sì dá a dúró. Àjà tí ó bá wà ní odindi, tí kò sán, tí a kò sì lu ihò sí, kì í tú eruku púpọ̀ jáde. Nítorí náà, mo fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, mo sì fi ọ̀dà tí ó nípọn bo ojú rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ó ti fọ́, ní ilé ìdáná, ni a fi omi rin dáadáa kí a tó fi ọwọ́ tú u, tí a bo imú, tí a sì di í sínú ọ̀rá nípọn-nípọn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ilé àtijọ́ kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da eruku yìí sí orí ibùsùn àwọn ọmọ rẹ̀.

Wáyà iná ti gbó, ó tín-ínrín ju ohun tí fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ń béèrè lọ, kò sì sí wáyà tí ó wọ ilẹ̀ rárá, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni a tú tí a sì tún ṣe. Páìpù irin ti dípẹtà débi pé omi pupa ni ó ń jáde. A fi oníke rọ́pò rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dára.

Oòrùn Lọ́kọ́ja kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó bá ti sùn níbẹ̀ rí ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ìlú náà wà ní ìsàlẹ̀, òkè sì dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Níbi yìí ni ìṣètò àwọn tí ó kọ́ ilé náà ti wú mi lórí jù. Fèrèsé wà ní ìhà mẹ́ta tí ilé náà dá ní, wọ́n sì dojú kọ ara wọn láti yàrá kan sí èkejì, tí atẹ́gùn fi lè wọlé níhìn-ín kí ó sì jáde lọ́hùn-ún. Àwọn fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí àwọn ènìyàn ń kó dànù lónìí, mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá méjèèjì, mo kàn fi irin àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kún un, nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí gbogbo ojú fèrèsé ṣí, nígbà tí èyí tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ.

Àtúnṣe náà gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí mo ra ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ṣírò mọ̀ pé símẹ́ǹtì kì í dín lówó fún wa nítorí pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀bájànà wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kábbà, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ náà kọjá nígbàkúùgbà tí a bá ń lọ sílé. Síbẹ̀, ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, nígbà tí àpò kan ti kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjọba àpapọ̀ ní láti pe àwọn tí ń ṣe é jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000 náírà. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ògiri tí ó ti dúró, tí a kò ní í tún ra símẹ́ǹtì sí, ni ohun tí ó níye lórí jù nínú ilé àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó gba àkókò jù lọ. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, abala 22 sì sọ pé ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ lábẹ́ àṣẹ gómìnà kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Abala 26 fi kún un pé ohun tí a bá ṣe lódì sí èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ilé ìjọba àtijọ́ pẹ̀lú rìsíìtì àti ìwé ìpínfúnni nìkan, wọ́n sì rò pé ó parí níbẹ̀. Ìwé ìpínfúnni ilé yìí wà lórúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba fún ní ilé náà, tí ó ti kú. Bàbá tí ó tà á fún mi rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, wọ́n kọ ìwé sí i, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Èyí túmọ̀ sí pé bí mo bá kàn kọ ìwé lórí ìwé bàbá náà, orí afẹ́fẹ́ ni èmi náà yóò dúró sí.

Agbẹjọ́rò mi gbà wá nímọ̀ràn pé kí a parí ìyọ̀ǹda ti títà àkọ́kọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ti èkejì, bàbá náà sì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí n kò lè gbàgbé. A pe àkọ́bí ẹni tí ó kú, òun àti ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i pé ẹbí àwọn mọ̀ nípa títà náà. A ṣe ìwádìí ní ọ́fíìsì ilẹ̀ láti rí i pé kò sí ẹni tí ó fi ilé náà yá owó ní báńkì. A rí i pé wọ́n jẹ owó ilẹ̀ ọdọọdún ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, gbèsè tí yóò tẹ̀lé ilé náà dé ọwọ́ mi bí n kò bá béèrè. A yọ ọ́ kúrò nínú owó tí mo san. Ìyàwó bàbá náà àti ọmọ rẹ̀ àgbà ṣe ẹlẹ́rìí níwájú gbogbo wa. Bí òfin kò tilẹ̀ ní kí a ṣe é, èyí ni ó fi ọkàn mi balẹ̀ jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilé ni kì í bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn tí ẹni tí ó tà á bá ti kú. Ẹni tí alágbàtà bá ń kán lójú pé olùrà mìíràn ń bọ̀ lọ́la, kí ó jẹ́ kí olùrà náà máa bọ̀.

Mo wá kan àdúgbò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún ọdún 1991, láti ara Kúwárà àti Bẹ́núè, ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ti gbogbo igun ìpínlẹ̀ wá sí Lọ́kọ́ja, àwọn ilé tí ìjọba kọ́ sì kó wọn pọ̀ láìbéèrè ìlú ẹnikẹ́ni. Ní òpópónà wa, àwọn Ígálà, Ẹ̀bìrà, Tápà, Básà, Haúsá, Ìgbò àti àwa ọmọ Ọ̀kun ni a jọ ń gbé. Mọ́sáláṣí wà ní ìkángun kan, ṣọ́ọ̀ṣì wà ní èkejì, àwọn ọmọdé sì ń fi èdè mẹ́ta bá ara wọn jà lórí bọ́ọ̀lù kan. Nígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà máa ń gbóná ní ìpínlẹ̀ yìí, n kò sì ní í sọ pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n owó mẹ́gádì, gọ́tà kíkó àti ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà kò dúró de ìdìbò, ẹ̀yà kankan kò sì pọ̀ tó láti dá wọn ṣe. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi kọ́ láti máa sọ nǹkan jáde ní gbangba, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo rí i dájú nínú ọ̀rọ̀ òrùlé. Ẹni tí ó ní ìdajì kejì ilé náà jẹ́ tíṣà, ọmọ Ígálà láti Ìdáh, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Páànù ìhà tèmi ti dípẹtà, tirẹ̀ ṣì lè lo ọdún díẹ̀ sí i, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé kí ó ná owó tí kò tíì pọn dandan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gòkè lọ wò ó, tí ó sọ̀kalẹ̀ wá sọ pé, “Àbúrò, ojú ìsopọ̀ ni yóò máa jò bí o bá dá tìrẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí èmi máa san tèmi díẹ̀díẹ̀.” A kọ ọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, pẹ̀lú ohun tí ó kan ògiri àárín àti ṣọ́káwèè tí a jọ ń lò, ìwé náà sì wà pẹ̀lú ìwé ilé mi títí di òní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra ilé alásopọ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹni tí yóò bá a pín ògiri sọ̀rọ̀ kí ó tó san owó.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn olùrà kì í sábà rò. Ilé tí ó wà ní àdúgbò ẹ̀yà kan ṣoṣo kì í rọrùn láti tà fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ilé Lokongoma ní olùrà láti Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìyàgbà títí dé Àǹkpá ní ilẹ̀ Ígálà.

Àbùkù rẹ̀ kù. Ilé ìdáná kéré débi pé ènìyàn méjì kò lè dúró nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí a lè gbé ọkọ̀ sí àfi ojú títì. Omi ẹ̀rọ kì í wá déédéé, nítorí náà a ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì ní láti ra táǹkì, èyí tí ó jẹ́ owó tí ó yẹ kí olùrà fi kún ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìró ń gba ògiri àárín kọjá. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tí ó sì ń sùn lọ́sàn-án kò ní í fẹ́ràn rẹ̀. Kò sì sí àyè láti fi yàrá kan kún un, nítorí náà ẹni tí ó bá ń retí ẹbí ńlá kí ó wá ilé mìíràn.

Ní ti àgbàrá ẹ̀yìn ilé, àwa onílé tí ó wà ní ìlà náà ti ń dá owó láti fi òkúta àti símẹ́ǹtì ṣe gọ́tà tí yóò gba omi òkè lọ sí ojú títì kí òjò tó dé. Bí ilé kan bá tún jáde fún títà níbẹ̀, kí olùrà béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá ó ti san tirẹ̀ nínú owó gọ́tà náà, kí ó sì gba rìsíìtì rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù.